Nígbà tí Dádì Kan Kọ̀ǹpútà Mọ́mì Mọ́nú Àpótí Géèmù

Òórùn ìtọ̀ eku ni mo kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì. Àárọ̀ Sátidé kan ni, ní ilé wa ní Bódìjà. Mo wà lẹ́nu ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé, mò ń pọn omi sí garawa, nígbà tí òórùn náà yí igun ilé bá mi kí àwọn tó gbé e wá tó dé. Ìtọ̀ eku ni, tòun ti èéfín sìgá àtijọ́ àti pákó tó ti mu omi òjò yó. Lẹ́yìn òórùn ni àwọn ọkùnrin kan yọ, wọ́n gbé nǹkan gàgàrà kan, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dádì ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ọwọ́ wọn wà nínú àpò ṣòkòtò, bí ẹni tó ń sin ọba wọ̀lú.

"Ẹ rọra o," ni wọ́n ń wí. "Nǹkan ọlọ́lá nìyẹn."

Àpótí géèmù ni nǹkan ọlọ́lá náà. Ó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, gíláàsì wà lójú rẹ̀ bíi ti tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pá kan àti bọ́tìnnì aláwọ̀ mèremère sì wà níwájú rẹ̀. Èèyàn á ju owó onírin sínú ihò kan nísàlẹ̀, á dúró síwájú rẹ̀, á máa fi ọ̀pá yẹn darí ọkùnrin kékeré kan tó ń sáré nínú gíláàsì títí wọ́n á fi pa ọkùnrin náà. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road ló ni ín nígbà tí àwọn tó rí jájẹ ṣì ń kó ọmọ wọn lọ ṣeré níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó yá, wọ́n ti gbọ̀ngán eré náà pa, wọ́n gbé àpótí yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, Dádì sì rí i nígbà tí wọ́n ń kọjá. Dádì béèrè, àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì ní kí wọ́n máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tiẹ̀ bá wọn gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Bí ará Ìbàdàn bá fún ọ ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, tó tún bá ọ gbé e sọ́kọ̀, ó yẹ kí o bi ara rẹ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Dádì ò bi ara wọn ní nǹkan kan.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni Dádì ní fásitì. Nígbà náà, àwọn olùkọ́ fásitì ti yanṣẹ́ lódì, ó sì ti pẹ́ débi pé wọ́n ní láti máa rán ara wọn létí ohun tó ń bí wọn nínú. Olùkọ́ tí kò bá rí ọmọ kọ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan míì dojú kọ. Dádì ti tún gbogbo ohun tí kò bàjẹ́ nílé wa ṣe tán. Wọ́n ti tún fáànù pálọ̀ ṣe, ó ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí òrùlé. Wọ́n ti tún aago ara ògiri ṣe, àwa sì ti ń wo oòrùn. "Ohun tí ọwọ́ èèyàn bá tò, ọwọ́ èèyàn lè tú u," ni ọ̀rọ̀ wọn, èmi sì gbà á gbọ́ bí ẹsẹ Bíbélì. Ìdajì tó kù, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń tò ó padà, n kò gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ rí.

Igbákejì wọn ni Bàbá Ṣọlá, aládùúgbò wa tó ń kọ́ kẹ́místírì ní fásitì kan náà. Bàbá Ṣọlá kì í fọwọ́ kan nǹkan. Ìmọ̀ràn ni tiwọn. Wọ́n á jókòó nínú àga pálọ̀ wa, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọ́n á máa gba Dádì nímọ̀ràn títí oúnjẹ á fi dé. Ìgbà yẹn ni ìmọ̀ràn á sinmi díẹ̀.

Mọ́mì jáde láti ilé ìdáná, wọ́n wo àpótí náà láti òkè délẹ̀, wọ́n fi etí aṣọ bo imú. Àwa fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a tún un fọ̀, a sá a sóòrùn. Nígbà tí a gbé e padà wọ pálọ̀, Mọ́mì fínmú. "A kì í ṣe ebòlò kó má rùn igbẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí ata wọn.

Dádì ló ṣàlàyé ohun tó kù fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Kọ́lé. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn àpótí náà, wọ́n fi hàn wá pé eku ti jẹ ọpọlọ rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ náà sì ti kú. "Ṣùgbọ́n kí ni kọ̀ǹpútà?" ni wọ́n bi wá, bí ẹni pé kíláàsì la wà. "Ọpọlọ ni. Ṣé a ní kọ̀ǹpútà nílé yìí?" A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n ní ó parí nìyẹn. Èmi àti Kọ́lé pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ohun tí kò sí nínú àlàyé náà ni pé Mọ́mì ló ni kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí kọ̀ǹpútà ṣe rí nílé àwọn èèyàn nígbà yẹn. Tiwa wà ní kọ̀rọ̀ yàrá Mọ́mì, wọ́n fi léèsì funfun bò ó bí ìyàwó. Èèyàn gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà kó tó wọ ibẹ̀, nítorí wọ́n ní eruku ń pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí eruku tó pa ọ̀kan rí. Mọ́mì ń kọ́ni ní ilé ìwé girama kan ní Agbowó, wọ́n sì ń kàwé gba oyè kejì lọ́wọ́ ní fásitì. Orí kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n ń kọ iṣẹ́ ìwádìí wọn sí. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń kọ, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ àwọn àgbà." Dádì ò tiẹ̀ béèrè rárá.

Ìròyìn dé láti Ìkàrẹ́ pé Màmá Àgbà, ìyá Mọ́mì, ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, wọ́n sì fi ìbàdí pa. Ọjọ́ kejì ni Mọ́mì di ẹrù. Ní ẹnu géètì, wọ́n yíjú sí Dádì. "Bàbá Kọ́lé, bí mo bá dé tí mo gbọ́ pé ẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn..." Wọn ò parí rẹ̀. Ọkọ̀ ń fun fèrè, wọ́n sì wọlé sínú rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé pálọ̀, Dádì dúró, wọ́n ronú. "Ṣé ó ní ká má fọwọ́ kàn án?" ni wọ́n bi Bàbá Ṣọlá.

"Kò parí gbólóhùn náà," ni Bàbá Ṣọlá dáhùn. "Gbólóhùn tí kò parí kì í ṣe òfin."

Báyìí ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe wọ ilé wa. Kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Dádì ṣàlàyé pé abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ni iná ti máa ń kọjá, nítorí náà, bí a bá fa wáyà láti abẹ́ rẹ̀ lọ sídìí ọ̀pá àti bọ́tìnnì àpótí géèmù, kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé wọ́n tan òun jẹ. Ó dára lẹ́tí. Wọ́n yá irin gbígbóná tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé, wọ́n sì fi òjé jó ṣòkòtò wọn, kápẹ́ẹ̀tì, àti etí àga kan. Wọ́n lọ ra pákó ní ọjà pákó Bódìjà láti gbé mọ́nítọ̀ lé nínú àpótí, wọ́n gé e, ó kúrú. Wọ́n lọ ra òmíràn. Bàbá Ṣọlá ní òun ti mọ̀ pé àkọ́kọ́ á kúrú. Nígbà tí mọ́nítọ̀ jókòó tán, Dádì da gọ́ọ̀mù káfíńtà yí i ká, wọ́n sì kan pákó mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, kó má baà mì. Àpótí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ níbi tí owó àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ máa ń já sí, wọ́n sì kan ìyẹn náà pa. Léèsì funfun di ohun tí wọ́n fi ń nu ọwọ́.

Géèmù ló kù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Agbowó ló fún Dádì ní sídíì tí géèmù kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní òun ò ní àyè. Dádì àti Bàbá Ṣọlá dúró síwájú gíláàsì, wọ́n ń wo ohun tí wọ́n lè yọ. Wọ́n rí àwọn fáìlì kan tí orúkọ wọn kò yé wọn, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán.

"Kí lèyí?" ni Dádì béèrè.

"Bó bá ṣe pàtàkì ni, ẹni tó ni ín á ti fún un lórúkọ gidi," ni Bàbá Ṣọlá wí.

Wọ́n yọ wọ́n. Àyè ò tíì tó. Ó dà bí ẹni tó yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú yàrá kí bẹ́ẹ̀dì lè rí ibi wọlé. Bàbá Ṣọlá wá dábàá pé kí wọ́n kúkú nu gbogbo rẹ̀ mọ́ láti ìdí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Wọ́n nù ún mọ́. Àyè wá pọ̀ rẹpẹtẹ.

N kò ní purọ́, ó ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gíláàsì àpótí náà tàn, ohùn orin kan tó ń dún bíi kòkòrò jáde, ọkùnrin kékeré kan sì dúró sínú rẹ̀ tó ń retí wa. Dádì na ọwọ́ sí i bí ẹni tó ń fi ọmọ rẹ̀ han ìjọ. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: bí o bá ti ọ̀pá sọ́tùn-ún, òsì ni ọkùnrin náà ń lọ. Dádì ní ìyẹn á jẹ́ kí ọpọlọ wa jí. Ó jí. Títí di òní, bí mo bá ń wa ọkọ̀ tí ẹnì kan sọ pé "yà sọ́tùn-ún" lójijì, ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ sósì.

Nílé ìwé, mo di èèyàn ńlá. Olùkọ́ wa ti bi wá rí pé iṣẹ́ wo ni bàbá wa ń ṣe. Lọ́jọ́ náà mo ní olùkọ́ ni, kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Ní ọ̀sẹ̀ àpótí géèmù mo ní, "Dádì mi ń ṣe ẹ̀rọ," ìdajì kíláàsì sì fẹ́ bá mi délé. Àwọn ọmọ àdúgbò kún pálọ̀ wa, òógùn wọn àti òórùn ìtọ̀ eku parapọ̀, kálukú ń dúró de ìgbà tirẹ̀. Mo ṣe tèmi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, iná sì lọ.

Àárín irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Mọ́mì dé láti Ìkàrẹ́, iṣu wà lọ́wọ́ wọn, eruku ọ̀nà wà lójú wọn. Ara Màmá Àgbà ti ń yá, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn. Ìyẹn ni Mọ́mì kọ́kọ́ sọ, pẹ̀lú ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ọmọ tí wọn ò bí tó kún pálọ̀, wọ́n sì rí ojú mọ́nítọ̀ wọn tó ń wò wọ́n láti inú àpótí bí ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn ọmọ àdúgbò kò dúró kí ẹnikẹ́ni lé wọn. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà, wọ́n gba fèrèsé.

Mọ́mì gbé iṣu sílẹ̀. "Iṣẹ́ mi dà?"

"Ó wà nínú..." ni Dádì bẹ̀rẹ̀. Dádì wo Bàbá Ṣọlá. Bàbá Ṣọlá, tí n kò rí kí wọ́n ṣaláìní ìmọ̀ràn rí, wo aago ara ògiri wa tó ti kú, wọ́n ní àsìkò ti lọ, wọ́n sì lọ sílé.

"Bàbá Kọ́lé, mo ní iṣẹ́ mi dà?"

"A nù ún mọ́," ni Dádì wí. Ohùn wọn kéré.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Mọ́mì ò pariwo. Wọ́n jókòó lórí àga tí òjé ti jó létí, pẹ̀lú gèlè lórí, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní orí mẹ́ta àkọ́kọ́ wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì. Orí kẹrin àti ìkarùn-ún, níbi tí gbogbo ohun tí wọ́n rí wà, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni wọ́n wà. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú wọn. N kò tíì rí Mọ́mì kí wọ́n sunkún rí, ó sì yà mí lẹ́nu pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ó lè dùn dáadáa, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyanṣẹ́lódì parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò tíì wọlé padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ Mọ́mì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rìnrìn àjò lọ sókè òkun, kí wọ́n yára kó gbogbo iṣẹ́ náà wá. Bí òun bá ti lọ, ó di ìgbà tí òun bá dé, òun ò sì mọ ìgbà náà. Mọ́mì ní àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ kọ, ṣùgbọ́n gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe lẹ́yìn rẹ̀, inú orí wọn nìkan ló wà. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwé láràárọ̀.

"Èmi ni mo máa tẹ̀ ẹ́," ni Dádì wí.

"Ta ni ẹ tún rò pé ó máa tẹ̀ ẹ́?" ni Mọ́mì dáhùn.

Dádì gbìyànjú láti yọ kọ̀ǹpútà kúrò nínú àpótí. Nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe láṣeyanjú láyé wọn ni gọ́ọ̀mù yẹn. Nígbà tí wọ́n fi irin tì í, mọ́nítọ̀ ké kẹ̀ẹ́, Mọ́mì sì ní kí wọ́n dúró. Bí gíláàsì náà bá fọ́, ó parí. Báyìí ni ó ṣe di pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣiṣẹ́. Dádì lọ yá kíbọ́ọ̀dù kan ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ní Agbowó, wọ́n gbé e lé orí bọ́tìnnì aláwọ̀ mèremère náà. Wọ́n ṣe àpótí géèmù fún ẹni tó wà ní ìdúró. Ìdúró náà ni Dádì wà.

Bí mo bá ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni mo ń bá wọn: olùkọ́ fásitì, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, tó dúró síwájú àpótí géèmù, tó ń fi ìka méjì tẹ ìwé ìyàwó rẹ̀ bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Bí iná bá lọ, wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á máa ka ojú ewé tó kàn. Bí iná bá dé, wọ́n á dìde. Àwọn ọmọ àdúgbò á yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á bi mí bóyá ọkùnrin kékeré yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo ní ó ti rìnrìn àjò.

Bí Mọ́mì bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á gbé àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dádì, wọ́n á máa pe àtúnṣe fún wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, Dádì ń jiyàn.

"Ìyá Kọ́lé, gbólóhùn yìí gùn jù."

"Ẹ tẹ ohun tí mo kọ, Bàbá Kọ́lé. Bí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín, kọ̀ǹpútà ti ṣófo, àyè wà níbẹ̀."

Iṣẹ́ náà dá lórí àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn tajà ní ọjà Bódìjà. Àwọn ọmọ yìí ń ṣẹ́ ṣéńjì fún oníbàárà láìṣì, lórí ìdúró, lédè Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba òdo nínú ìṣirò nílé ìwé. Mọ́mì ti bá wọn jókòó lórí àpótí tòmátì fún ìgbà pípẹ́, tí àwa rò pé wọ́n kàn ń pẹ́ lọ́jà. Wọ́n ti rí i pé ìṣirò kọ́ ló ṣòro fún àwọn ọmọ náà, bí a ṣe ń bi wọ́n ní ìbéèrè ni. N kò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu Mọ́mì. Ẹnu Dádì ni mo ti gbọ́ ọ, nítorí wọ́n ń kà á sókè bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, iyàn dúró. Bàbá Ṣọlá wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ìmọ̀ràn tuntun nípa bí a ṣe lè yọ gọ́ọ̀mù. Dádì ò yíjú. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ṣọlá, ẹ dákẹ́ díẹ̀," ni wọ́n wí. "Mò ń ka nǹkan."

Nígbà tí a ń jẹun lọ́jọ́ náà, Dádì kàn ń fi ọwọ́ yí òkèlè. "N kò mọ̀ pé ohun tí ò ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyí," ni wọ́n wí.

"Ẹ ò bi mí," ni Mọ́mì dáhùn. Wọ́n sì bu ẹran kún ọbẹ̀ Dádì.

Iṣẹ́ náà parí kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí Mọ́mì lọ gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn ìgbìmọ̀, ẹsẹ̀ Dádì ti wú, bàtà wọn ò wọ̀ wọ́n mọ́, sálúbàtà ni wọ́n fi bá Mọ́mì lọ sí fásitì tí àwọn fúnra wọn ń kọ́ni. Mọ́mì yege. Dádì ló ń sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé, pẹ̀lú àlàyé lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, títí Mọ́mì fi ní kí wọ́n dákẹ́, pé ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láyé.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni káfíńtà gidi fi ayùn gé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ó sì yọ kọ̀ǹpútà jáde. Mọ́mì padà gba oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé. Dádì náà ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣì ń tún nǹkan ṣe.

Èmi ń gbé ní Challenge báyìí, mo sì ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí Dádì wà nígbà náà. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, orí kọ̀ǹpútà àgbélétan ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo ní ẹ̀dà gbogbo ohun tí mo bá kọ sí ibi púpọ̀, nítorí mo ti kọ́ ọgbọ́n. Ọkọ mi, èèyàn dáadáa tí kì í tú nǹkan, kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi rí. Iṣẹ́ mi ò sọnù rí látìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀. Bí ẹ bá sì bi í pé kí ni mò ń kọ, á ní, "Nǹkan ọ́fíìsì ni."

Ọmọdébìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn, á máa wo bàbá rẹ̀ tó dúró lórí ẹsẹ̀ wíwú, tó ń ka ìyàwó rẹ̀ lójú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, tí kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Ó gbà pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ bàbá náà, ó sì ń káàánú rẹ̀. Ó gbọ́n púpọ̀, ọmọ yẹn, gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo dàgbà ni mi ò gbọ́n mọ́, nítorí bí mo bá rántí pálọ̀ yẹn báyìí, Mọ́mì ni mò ń jowú.